Onígbàjámọ̀ Tó Gbé Iṣẹ́ Ìbọn Kan fún Alágbẹ̀dẹ Mẹ́ta

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ àléébù ọkùnrin yìí fún yín. Onígbàjámọ̀ ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì mọ́, ṣùgbọ́n kò lè dúró ti ọ̀rọ̀ kan. Bó bá ti yan nǹkan báyìí, òmíràn ni ojú rẹ̀ á tún máa lọ sí. Bó bá ń gẹrun fún ọ lọ́wọ́, á dúró, á ní kí o wo dígí, kí o sọ bóyá apá ọ̀tún ló dáa jù tàbí apá òsì. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Èwo-ló-sàn.

Ní ọdún tí mò ń wí yìí, ẹlẹ́dẹ̀ igbó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọ oko àgbàdo ìyá ìyàwó rẹ̀, lẹ́yìn ilé wọn gan-an. Oko yẹn ni gbogbo ilé ń jẹ láti ọdún dé ọdún; kò sí òmíràn. Màmá fẹ́ bẹ ọdẹ kan tó jẹ́ aládùúgbò wọn pé kó bá àwọn ṣọ́ ọ, ṣùgbọ́n Èwo-ló-sàn fọwọ́ sọ̀yà. Ó ní kí lẹ fẹ́ fi ọdẹ ṣe nígbà tí òun wà nílé? Òun máa lọ ṣe ṣakabùlà, òun fúnra òun lòun máa ṣọ́ oko. Màmá gbà á gbọ́, ọdẹ náà sì gba iṣẹ́ ìṣọ́ lọ sí ibòmíràn.

Ọlọ́wọ́ òsì ni ọ̀gbẹ́ni yìí. Nínú ìbọn táwọn yòókù ń lò, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni irin ìṣáná tó ń tan ẹ̀tù wà. Bí ọlọ́wọ́ òsì bá gbé e léjìká, ojú rẹ̀ gan-an ni iná máa ta sí. Àfi kí wọ́n ṣe tirẹ̀ lọ́tọ̀, irú rẹ̀ kò sì ṣeé tà fún ẹlòmíràn. Ó lọ bá àgbà alágbẹ̀dẹ kan tí wọ́n ń pè ní Onírùngbọ̀n. Àwọn alágbẹ̀dẹ ibẹ̀ kì í gba owó títí oníbàárà á fi gbé ìbọn léjìká, kó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń dì mú. Onírùngbọ̀n ní kí àgbàdo tó yọ irùkẹ̀rẹ̀, ìbọn á ti délé.

Àgbàdo yọ irùkẹ̀rẹ̀, ìbọn kò yọjú. Ara Èwo-ló-sàn bẹ̀rẹ̀ sí í bù máṣọ. Ẹnikẹ́ni tó bá jókòó sórí àga rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbọn ni wọ́n máa sọ. Wọ́n ní Onírùngbọ̀n lọ́ra, àmọ́ ìbọn rẹ̀ kì í jáni kulẹ̀. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá iṣẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ yá lọ́wọ́, ìdí ìbọn rẹ̀ sì ń dán yinrin. Wọ́n ní opó kan wà tó jogún àgbẹ̀dẹ ọkọ rẹ̀, pé ìbọn tirẹ̀ fúyẹ́, kì í gbáni léjìká. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ọ̀gbẹ́ni ti lọ bá ọmọkùnrin náà, ó sì ti ibẹ̀ kọjá sọ́dọ̀ opó. Ó búra fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pé òun kò tíì débòmíràn.

Ìyàwó rẹ̀ gbọ́. "Bàbá àwọn ọmọ, ṣé ẹ ti sọ fún Onírùngbọ̀n pé ẹ ò ṣe mọ́?"

"Kí n sọ fún un kẹ̀? Ẹni tó bá kọ́kọ́ parí nínú wọn ni mo bá lọ. Àwọn tó kù á máa wò."

Ìyàwó ní ta ló máa wá ra ìbọn ọlọ́wọ́ òsì méjì tó bá kù nílẹ̀? Ọkọ ní kó jẹ́ kí òun gbádùn.

Ohun tí kò mọ̀ ni pé ọkùnrin kan ṣoṣo ló ń rọ irin ìṣáná ọlọ́wọ́ òsì ní gbogbo agbègbè náà. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni alágbẹ̀dẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọkùnrin náà wojú wọn, ó bi wọ́n bóyá àrùn ọwọ́ òsì ló bẹ́ sílẹ̀ ni. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í júwe oníbàárà wọn fún ara wọn: ó pupa, ó tẹ́ẹ́rẹ́, onígbàjámọ̀ ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Ni ẹ̀rín bá pa wọ́n. Nígbà tí opó rẹ́rìn-ín tán, ó ní àwọn kò ní tìtorí rẹ̀ bínú síra wọn. Kó wá síwájú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó mú ẹnì kan. Títí tó fi máa ṣe bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní fi òòlù kan irin nítorí rẹ̀. Àwọn yòókù gbà, wọ́n sì ránṣẹ́ sí i.

Ojú kọ́kọ́ tì í. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n báyìí. Kò pẹ́ tó fi tún bẹ̀rẹ̀. Bí òun bá mú Onírùngbọ̀n ńkọ́? Á pẹ́. Ọmọkùnrin yẹn? Ó yára o, àmọ́ ta ló mọ̀ bóyá ìbọn rẹ̀ á tọ́jọ́? Opó ńkọ́? Ó bi gbogbo orí tó gẹ̀ léèrè. Àgbàdo ń gbó lọ, ìyàwó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣáà mú ẹnì kan. Ó ní òun ṣì ń wò ó.

Ọ̀sẹ̀ tí wọn ì bá kórè gan-an ni ẹlẹ́dẹ̀ igbó ya wọ oko, tìyá tọmọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí igi àgbàdo kan tó dúró. Èyí tí wọn kò jẹ, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹrẹ̀. Màmá fọwọ́ lérán, ó ń wo oko. Àánú obìnrin náà ṣì ń ṣe mí títí dòní. Èwo-ló-sàn sún mọ́ ọn, ó ní Onírùngbọ̀n ló fà á, ká ní ó tètè ṣe é ni.

Màmá kò jẹ́ kó parí ẹ̀. "Àna mi," ó ní, "ẹ̀yin lẹ ní kí n má pe ọdẹ."

Kò pariwo mọ́ ọn.

Rírà ni wọ́n ra gbogbo ohun tí wọ́n jẹ lọ́dún náà. Nígbà tí wọ́n tún gbin òmíràn, ọdẹ ni Màmá fi ṣọ́ ọ lálẹ́. Ní ọ̀sán, wọ́n fún àna rẹ̀ ní ògbólógbòó páànù kan àti igi, kó jókòó sétí oko, kó máa lù ú láti fi lé ẹlẹ́dẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní títì. Àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ mìíràn, ṣùgbọ́n wọ́n kọ́kọ́ wá bá a létí oko, wọ́n sì sọ ọ́ fún un lójúkojú pé àwọn ń lọ síbòmíràn.

Ẹ̀yin ará, kò sí ohun tó burú nínú kéèyàn fi iṣẹ́ ẹnì kan wé ti ẹlòmíràn kó tó yàn. Ṣùgbọ́n bí o bá ti yàn, dúró tì í. Bó bá sì sú ọ, lọ sọ fún oníṣẹ́ kí o tó kúrò. Ẹni tí o tàn lè má bá ọ jà rárá, ó kàn lè gbé iṣẹ́ rẹ sílẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, má ṣe lé olùrànlọ́wọ́ tó wà ní sẹpẹ́ lọ nítorí ohun tí kò tíì tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, pàápàá bó bá jẹ́ oúnjẹ ẹlòmíràn lo ní o máa ṣọ́.