Ọ̀gá Tó Yọ Kọ́kọ́rọ́ Gbogbo Ènìyàn

Àìfọkàntán ẹnikẹ́ni ni àléébù ọkùnrin yìí. Òun ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ńlá méjì tó ń lo ètò Línúùsì fún ilé ìwòsàn kan. Ọ̀kan wà ní ọ́fíìsì rẹ̀. Èkejì, tó ń tọ́jú orúkọ àti oògùn àwọn aláìsàn, wà ní ìlú mìíràn, ìrìn ọjọ́ kan gbáko. Láti inú ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ti ń fi kọ́kọ́rọ́ wọ èkejì. Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́ onírin o. Fáìlì kékeré ni, oníkálukú pẹ̀lú tirẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà nínú èkejì.

Bó ṣe di ọ̀gá báyìí, ó yọ kọ́kọ́rọ́ gbogbo àwọn tó kù, ó sì dí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé láti òkèèrè.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi tèmi sílẹ̀," ni Ìyá Ìbejì, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wí. "A ò mọ ọ̀la."

"Ẹ̀yin tí ẹ ń bí méjì méjì! Ṣé ẹ tún fẹ́ ká bí kọ́kọ́rọ́ ní méjì ni?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Láti ọjọ́ náà, ọ̀gá yìí nìkan ló ń dá jẹun ọ̀sán. Ariwo fáànù kọ̀ǹpútà ló ń bá a sọ̀rọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Ẹtì kan, ó dá iṣẹ́ kọ̀ǹpútà òkèèrè dúró kó lè kó fáìlì. Kí iṣẹ́ lè yá, ó ṣí àpò fáìlì tí ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà náà sílẹ̀ fún tajá-tẹran, ó gbàgbé láti tì í padà, ó jáde. Nígbà tó fẹ́ padà wọlé, ohun tó rí ni: "A kò gbà ọ́ láàyè." Kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ kì í gba kọ́kọ́rọ́ tí gbogbo ayé lè fọwọ́ kàn. Ó yẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì wò, ó dára. Ó ṣe kọ́kọ́rọ́ tuntun, kò sọ́nà àtigbé e wọlé. Ìdí ọ̀rọ̀ wà lákọsílẹ̀, ṣùgbọ́n inú ibi tí kò lè wọ̀ gan-an ló wà. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é: wọn kò mọ oògùn tó jẹ́ ti ta ni mọ́.

Ó tẹ Ìyá Ìbejì láago. "Ẹ dákun, ẹ bá mi wọlé."

"Kọ́kọ́rọ́ wo, ọ̀gá mi? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ yọ ọ́."

Ó wá nọ́ńbà ẹlòmíì tó lè pè. Kò rí.

Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ó wọkọ̀ lọ sí ìlú náà, ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé, àṣẹ kan ṣoṣo ló sì fi ti àpò náà padà. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méjì ni wọ́n ti fi dá àwọn aláìsàn padà sílé. Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ìsàlẹ̀ páálí tó kó ẹrù rẹ̀ sí já lórí àtẹ̀gùn. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣà á. Àwọn ènìyàn ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ ká fọkàn tán ẹnìkan, ó kéré tán. Kò sẹ́ni tó gbọ́n tí kì í gbàgbé. Ẹni tó bá lé gbogbo ayé síta, lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn bá tì mọ́ òun náà, ta ni yóò wà nínú ilé tí yóò ṣí i fún un?