Èémí Inú Ìbọn Bọ́mà

Èmi alágbẹ̀dẹ kì í fẹ́ gba ìbọn ológun, ṣùgbọ́n Ọdẹ́yalé bẹ̀ mí títí. Olóògbé bàbá rẹ̀ ló gbé e bọ̀ láti ogun Bọ́mà. Ó fẹ́ kí n tún un rọ kó lè máa yin ọta tí àwọn ọdẹ ń lò.

Nígbà tí mo ti irin gbígbóná náà bọ omi, omi ò dún.

Mo ṣáà parí iṣẹ́. Mo ní kó na àtẹ́lẹwọ́ sí ẹnu ìbọn, kí n fẹ́ èémí sí i láti ìdí, ká mọ̀ bóyá ihò rẹ̀ mọ́.

"Ṣé ó ń kàn ọ́?"

"Ó ń kàn mí, bàbá. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Mo gbé ẹnu kúrò, mo nu ètè mi. Ọdẹ́yalé ṣì ń wo ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ rọra máa fẹ́ ẹ," ó ní. "Ó ti ń tutù jù."