Ẹni Tó Bá Tẹ Bẹ́ẹ̀ Ni

Kò sí fóònù tó ń ṣí mọ́ àfi tí ẹni tó ni ín bá kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè ìjọba. Tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni", á ṣí kíá. Tẹ "Rárá", ogún ìbéèrè mìíràn á tò tẹ̀lé e pé kí o ṣàlàyé ara rẹ.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ tó kọjá, bí Tísà Fadérera bá ti fẹ́ pe ọlọ́kadà láàárọ̀, "Bẹ́ẹ̀ ni" ló ń tẹ̀ láìka ohun tí wọ́n bi í.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, àgádágodo ló bá lẹ́nu géètì ilé ìwé. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ dúró síta, báàgì lẹ́yìn.

"Ìlú ló ní kí wọ́n tì í pa," ni Bàbá Múfútáù tó ń ṣọ́ géètì wí. "Wọ́n ní ẹ̀yin tísà gan-an fọwọ́ sí i. Irú èèyàn wo ló máa ṣe bẹ́ẹ̀?"

Fadérera ò lè wò ó lójú. Ó fi ìbínú fa fóònù yọ, kó pe ọ̀gá àgbà, kó sọ fún un pé àwọn ò gbà. Ìbéèrè tuntun ti wà níbẹ̀: "Ṣé ìpinnu ìlú tẹ́ yín lọ́rùn?"

Ó ń kánjú. Ó tẹ "Bẹ́ẹ̀ ni".