Àrà Aṣọ Bàbá Sàlàkọ́ Tó Sọnù Nínú Kọ̀ǹpútà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fún ẹlòmíràn kà, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Ràmọ́nì ní Ìsẹ́yìn lọ́dún 1989 lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó bá rò pé òun ti gbọ́n tán.

1.
Ahunṣọ ni Ràmọ́nì. Bàbá rẹ̀, Sàlàkọ́, ló kọ́ ọ níṣẹ́. Àrà aṣọ òfì mọ́kànlélógójì ni bàbá yìí mọ̀ ọ́n hun, kò sì kọ ọ̀kan ṣoṣo sílẹ̀. Orí ló kó gbogbo rẹ̀ sí. Nígbà tí bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé nǹkan, ẹ̀rù ba Ràmọ́nì. Ó ra kọ̀ǹpútà àlòkù kan ní Ìbàdàn. Oṣù mẹ́ta gbáko ni bàbá fi ń pe iye òwú àrà kọ̀ọ̀kan, tí Àwáwù, ìyàwó Ràmọ́nì tó kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣakí, ń tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Ohun tó dára ni Ràmọ́nì ṣe, ẹ jẹ́ ká yìn ín. Ìgbéraga ló wá bà á jẹ́.

2.
Kọ̀ǹpútà náà ń fa ẹsẹ̀, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́. Ràmọ́nì gbọ́ pé ètò kọ̀ǹpútà tuntun kan ti jáde tó ń mú ẹ̀rọ yá, ló bá ránṣẹ́ sí Cornelius, tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe n'Íbàdàn. Ọjọ́ Jímọ̀ ni Cornelius dé. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ràmọ́nì ti pe àwọn ahunṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ wá wo ẹ̀rọ náà.

Cornelius ní, "Alàájì, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ sí dísìkì mìíràn. Á gbà wá ní bíi wákàtí mẹ́ta."

"Wákàtí mẹ́ta kẹ̀? Tí a bá ti kírun tán, ilé mi ni gbogbo wọn ń bọ̀! Cornelius, o ò mọ iṣẹ́ wa ni. Bí aṣọ bá tán lórí òfì, a kì í tú òwú tó kù dànù. Ìdí rẹ̀ la ń so òwú tuntun mọ́, tuntun á sì tẹ̀ lé e wọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ni kó o ṣe é."

"Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe òfì, sà. Tuntun lè pa ti àtijọ́ rẹ́."

Àwáwù kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀. "Bàbá Àsíátù, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó dà á kọ. Kí ló dé tí kò lè di Jímọ̀ tó ń bọ̀?"

"Ṣé ìwọ ló máa kọ́ mi ní iṣẹ́ bàbá mi?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, ṣé èsì nìyẹn? Ràmọ́nì gba mọ́ṣáláṣí lọ. Cornelius bá ṣe ohun tí ẹni tó ni ẹ̀rọ ní kó ṣe.

3.
Ẹ̀rọ yá lóòótọ́. Àwáwù wá àrà àkọ́kọ́, kò sí. Ó wá ìkejì, ó wá ìkẹta, ó bú sẹ́kún. Ràmọ́nì àti àwọn àlejò ti ti mọ́ṣáláṣí dé, wọ́n ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

Ràmọ́nì sáré wọ yàrá bàbá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, mo ti sọ wọ́n nù. Ẹ bá mi pè wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i."

Bàbá ní, "Kí n pe kí ni, ọmọ mi?"

4.
Ọlọ́run ló yọ wọ́n. Àwáwù ní kí wọ́n gbé bàbá jókòó sídìí òfì, kí wọ́n fi òwú sí i lọ́wọ́. Ẹnu bàbá kò mọ iye mọ́, àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó ń to òwú, Àwáwù ń kà á, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé méjì. Oṣù méje ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí bàbá jáde láyé, àrà mẹ́tàdínlógún ti padà wá. Mẹ́rìnlélógún bá a lọ.

Ràmọ́nì kì í kùn. "Mẹ́tàdínlógún yẹn gan-an kò tọ́ sí mi," bó ṣe máa ń wí nìyẹn, "mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó mi." Èmi náà bá a dúpẹ́, torí a kì í sábà rí ẹni tí Ọlọ́run fún ní oṣù méje láti fi tún àṣìṣe ọjọ́ kan ṣe.

Nítorí náà, ẹ ṣọ́ra. Kí ẹ tó gba tuntun sínú ẹ̀rọ yín, ẹ da ti àtijọ́ kọ síbòmíràn. Bí ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ bá ní kẹ́ ẹ ṣe sùúrù, ẹ gbọ́. Bí bàbá tàbí ìyá yín bá sì ṣì ń rántí, ẹ mú ìwé, kí ẹ lọ jókòó tì wọ́n lónìí.