Aṣọ Pupa Lára Ère Koríko

"Ọwọ́ òsì ni mo fi ju Òtútù sódò lánàá, Màmá. Ó fò kọjá òkun méje, gbogbo ẹja ló dọ̀bálẹ̀ fún mi."

Atukọ̀, tí ẹnu rẹ̀ tóbi ju ọkọ̀ rẹ̀ lọ, dí ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ pa. Bronka arúgbó gbé ẹyin ọdún tí wọ́n kùn lọ́dà wá fún un. Òun ló ń hun ère koríko tí wọ́n ń pè ní Òtútù, tí abúlé ń jù sódò lọ́dọọdún, kí òtútù lè lọ, kí oòrùn sì dé.

"O káre, jagunjagun. Kí ló dé tí yìnyín tún ń bọ́?"

"Yìnyín kọ́ nìyẹn, Màmá. Òtútù ló ń sunkún lókèèrè."

"Àwa kẹ̀yìn sódò, a ò bojú wẹ̀yìn títí a fi délé, bí àṣà ṣe wí. Ìwọ nìkan lo kù sínú ọkọ̀. Yà fún mi."

Bronka fi ìgbọ̀nwọ́ tì í, ó wọlé. Ère náà jókòó nídìí tábìlì, omi ń kán lára rẹ̀, ọbẹ̀ gbígbóná wà níwájú rẹ̀. Aṣọ pupa Jagna, ìyàwó atukọ̀ tó kú lọ́dún tó kọjá, ló wọ̀. Àwọn obìnrin ló tọrọ rẹ̀ fún ère ọdún yìí. Ojú ti ọkùnrin náà láti kọ̀.

"Ọmọ mi," Bronka rọra wí, "a gbọ́dọ̀ dá a padà sódò."

Atukọ̀ gbé ère náà pọ̀n, ó já sínú yìnyín.

"Padà wá, ọbẹ̀ ẹ̀yin méjèèjì ń tutù!" Bronka ké tẹ̀lé e.

Atukọ̀ kẹ̀yìn sódò, ó ń sáré lọ, koríko ń já bọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Kò bojú wẹ̀yìn.