Fèrè Ọkọ̀ Aláwọ̀ Ewé

Bàbá kan fi táwẹ́ẹ̀lì wé ọkọ̀ ojú irin ìṣeré kékeré kan wá, bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Orí ọkọ̀ nìkan ni, kò gùn ju ọwọ́ àgbà kan lọ, àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún. Ó ní òun fẹ́ kí ó máa dún bí ọkọ̀ gidi.

Ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ ló wá. Ìyá Olóhùn ni wọ́n ń pe obìnrin náà. Àwọn àgbàlagbà tó ń fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣeré nínú ilé ló máa ń gbé e wá fún un. Á tú u, á fi dikódà sínú rẹ̀, ìyẹn pátákó tín-ín-rín kan tí kò tó èékánná, tí wọ́n ti kó oríṣiríṣi ìró pamọ́ sí, á sì so sípíkà bíńtín mọ́ ọn. Ó ti pé ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta, ojú rẹ̀ kò ríran tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n.

Ó bi bàbá léèrè irú ìró tó fẹ́. Bàbá ní ìró ẹ́ńjìnnì àti ti bíréèkì, èyí tó bá wù ú ni kó fi sí i. Fèrè nìkan ló jẹ òun lógún.

Ọjọ́bọ̀ ni bàbá padà wá. Ìyá Olóhùn gbé ọkọ̀ náà sórí irin kúkúrú tó wà lórí tábìlì, ó na rìmóòtù sí i. Ó ní àṣà kan tí kò sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni: gbogbo bọ́tìnnì ló máa ń tẹ̀ dánwò, àfi ti fèrè. Oníbàárà ló máa ń tẹ ìyẹn, òun á ti bọ́ sẹ́yìn lọ fọ ife.

Bàbá kò gba rìmóòtù. “Ẹ̀yin ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́, màdáámù.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Ó dún fín-ín, bí ọmọ ẹyẹ.

“Ẹni tó bá wà lẹ́yìnkùlé, ṣé á gbọ́ èyí?”

Ìyá Olóhùn ní kò lè gbọ́ ọ. Ó ṣàlàyé pé bí òun bá máa fi sípíkà ńlá sí i, àfi kí òun yọ irin tó mú un wúwo kúrò nínú rẹ̀, bí òun bá sì yọ ọ́, ọkọ̀ náà kò ní lè fa nǹkan kan mọ́. Bàbá ní kò ní fa nǹkan kan.

Ìyá Olóhùn rẹ́rìn-ín nínú ara rẹ̀. Àgbà tí etí rẹ̀ ń di kì í gbà pé etí òun ni. Á ní ará ayé ló ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

Ó yọ irin náà. Ó ṣe àpótí kékeré fún sípíkà, nítorí sípíkà tí kò ní àpótí, bí ẹni tí kò léyín ló ṣe máa ń sọ̀rọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ fèrè náà dánwò. Nígbà tó tẹ̀ ẹ́, ó wá àga jókòó.

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí ìyá rẹ̀ fi àbúrò rẹ̀ ọkùnrin sílẹ̀ fún un lọ síbi iṣẹ́. Ẹ̀yìn ilé wọn ni ọkọ̀ ojú irin ń gbà kọjá. Ó ń fọ aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí ọmọ náà rìn lọ sójú irin. Ó sọ fún àwọn tó wá ṣe ìwádìí pé ọkọ̀ náà kò fọn fèrè, pé ká ní ó fọn ún ni, òun ì bá ti sáré. Awakọ̀ ní òun fọn ún lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó, awakọ̀ ni wọ́n gbà gbọ́. Ìyá rẹ̀ kò nà án, kò sì bú u. Ṣùgbọ́n títí ìyá náà fi kú, kò gbé ọmọ ẹnikẹ́ni lé e lọ́wọ́ mọ́. Nígbà tó yá, Ìyá Olóhùn fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ fèrè ọ̀hún lójú oorun, lẹ́ẹ̀mẹ́ta géérégé, ó sì gbà pé irọ́ lòun pa.

Nígbà tí bàbá padà wá, Ìyá Olóhùn tẹ fèrè náà fún un láìjẹ́ pé bàbá ní kó tẹ̀ ẹ́. Ìró rẹ̀ gba gbogbo yàrá, ó jáde sí títì, ẹni tó ń kọjá lọ yíjú padà. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà ní etí tábìlì, ó ń tì í síwájú díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń wa ọkọ̀.

“Ẹ gbọ́ ọ?”

“Mo gbọ́ ọ, bàbá. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ ọ.”

“Bó ṣe yẹ kó dún nìyẹn.”

Ìyá Olóhùn nawọ́ mú táwẹ́ẹ̀lì kó lè wé ọkọ̀ náà fún un. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì ti ọkọ̀ náà padà síwájú rẹ̀. Ó di tábìlì mú, orúnkún rẹ̀ sì tẹ̀. Ìyá Olóhùn rò pé òyì ló kọ́ ọ, ó yára bọ́ síwájú láti gbé e dìde, ṣùgbọ́n bàbá ti kúnlẹ̀, kò fẹ́ dìde.

“Ọmọ mi, èmi ni mo wa ọkọ̀ ọjọ́ náà,” ni bàbá wí, “òótọ́ lo sọ fún wọn, mi ò fọn fèrè kankan.”