Ọ̀dà Funfun Ọ̀gá Akínsànyà

Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ akẹ́rù wò ní Àkúrẹ́, Ọ̀gá Akínsànyà kì í gba ẹ̀bẹ̀. Táyà tó bá ti jẹ tán, á fi ọ̀dà funfun fa àgbélébùú sí i lára, á kọ déètì ọjọ́ náà sí abẹ́ rẹ̀, ó parí nìyẹn. Àwọn awakọ̀ ń pè é ní ìrìbọmi. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá ti ṣèrìbọmi fún un," wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dénú, torí táyà tó bá ti gba ọ̀dà yẹn kò gbọdọ̀ kan títì mọ́.

Ọmọ méjì ló bí. Bímbọ́lá, àkọ́bí, wà nínú bọ́ọ̀sì kan tó ń bọ̀ láti Oǹdó lọ́jọ́ tí táyà tírélà kan bẹ́ ní Ọ̀wẹ̀nà, tí tírélà náà sì wó lé wọn lórí. Ó ti di ọdún mẹ́fà. Silas ló kù, kò sì síṣẹ́ tó wu òun náà láyé yìí àfi ọkọ̀ wíwà. Típà ló fi ń kó òkúta wẹ́wẹ́ ní Ọ̀bà-Ilé. Bàbá rẹ̀ bá a jà títí, ó sú u. Lọ́dún tuntun, ó ra táyà iwájú méjì fún un, tuntun pọ́ńbélé, ó ní, "Ìwọ nìkan ló kù fún mi."

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kan, Adépọ̀jù gbé lọ́rì pákó dé láti Ìjù. Oǹdó ló ń lọ. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ wo táyà iwájú lápá ọ̀tún. Ó ti dán bí orí apárí, wáyà ti ń yọ síta.

"Ọ̀gá, ẹ ṣàánú mi. Oǹdó ò mà jìnnà."

"Ọ̀wẹ̀nà ṣáájú Oǹdó," ni Ọ̀gá wí, ó sì ki búrọ́ọ̀ṣì bọ ọ̀dà.

Adépọ̀jù họrí. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pe ẹnì kan lórí fóònù, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Lẹ́yìn náà ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó tú táyà náà, ó bẹ ọlọ́kọ̀ kan, wọ́n sì jọ gbé e gba ọ̀nà Ọ̀bà-Ilé lọ. Kó tó di ọ̀sán, ó ti dé. Táyà tó gbé dé dára gan-an, irun rọ́bà wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ kò tíì jẹ tán.

Hameedat, ọmọbìnrin tó ń bá Ọ̀gá ṣiṣẹ́, fà á sẹ́yìn díẹ̀. "Ọ̀gá, ẹ bi í níbi tó ti rí i. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń yá ara wọn ní táyà tí wọ́n bá fẹ́ ṣe àyẹ̀wò. Èyí tí ẹ kùn yẹn dà?"

"Ohun tó bá wà níwájú mi ni mò ń yẹ̀ wò, Hameedat. Ohun tí mo bá rí ni mò ń kọ. Ìyókù kò kàn mí."

Ó fi òǹtẹ̀ lu ìwé ọkọ̀ náà. Adépọ̀jù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Ọ̀gá, ẹ ò tún ní sunkún ọmọ mọ́ láé."

"Àmín," ni Ọ̀gá dáhùn.

Ní nǹkan bí aago kan, Moríyọ̀ ìyàwó rẹ̀ pè é láti Oǹdó, níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Òkúta wẹ́wẹ́ kò tó, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ kejì ni wọ́n fẹ́ da dẹ́kì. Ọ̀gá pe Silas.

"Gbé òkúta wẹ́wẹ́ ọkọ̀ kan wá fún wa ní Oǹdó. Lónìí o."

Silas ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó di ọ̀la. Màá jí gbé e wá."

"Ọ̀la kẹ̀? Káwọn bíríkìlà dé kí wọ́n máa wojú ìyá rẹ? Kí ló ṣe ọkọ̀ rẹ?"

"Kò sóhun tó ṣe é, sà."

"Táyà ńkọ́?"

"Táyà dáa, Bàbá."

"Ṣé èmi tí mo rà á ni ò mọ̀ pé ó dáa ni? Gbéra jàre, ọ̀lẹ."

Silas rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń bọ̀, òun á kàn rọra wà á ni.

Aago mẹ́rin kò tíì lù tí ìpè fi wọlé. Típà kan ti dojú dé lẹ́bàá afárá Ọ̀wẹ̀nà, kí wọ́n wá kọ ohun tó fà á. Iṣẹ́ Ọ̀gá náà nìyẹn. Òun àti Hameedat ni wọ́n jọ lọ. Láti òkèèrè ló ti dá nọ́ńbà ọkọ̀ náà mọ̀. Àwọn ará abúlé ti já ewé bo awakọ̀ náà, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣoṣo ló hàn síta.

"Yéè! Silas! Mo gbé o!"

Wọ́n dì í mú. Àgbàlagbà kan ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Táyà iwájú ló bẹ́. Ojú wa ló ṣe."

"Irọ́ ni!" Ọ̀gá já ara rẹ̀ gbà. "Èmi ni mo fọwọ́ mi ra táyà yẹn! Ẹ má purọ́ mọ́ òkú ọmọ mi!"

Omi ń dà lójú Hameedat. Ó gbé fọ́ọ̀mù dání, ó yí lọ síwájú ọkọ̀, ó kúnlẹ̀ ti táyà náà, ó sì fi etí ìborùn rẹ̀ nu ẹrẹ̀ ara rẹ̀. Kò dìde.

"Kí lo rí?" Ọ̀gá pariwo. "Kọ ohun tó o rí!"

Hameedat kò kọ nǹkan kan, ó kàn sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí Ọ̀gá lè fojú ara rẹ̀ rí àgbélébùú funfun tó wà lára táyà tó bẹ́ náà, àti déètì ọjọ́ yẹn gan-an lábẹ́ rẹ̀.